Kí Ẹ Tó Ra Ààfin Fún Ẹja Betta Yín

Ojú fèrèsé ni ẹja betta mi àkọ́kọ́ kú sí. Kì í ṣe fèrèsé ilé o! Ààfin oníke kékeré kan ni mo rà sínú táǹkì rẹ̀ torí pé ó wù mí lójú. Ẹja náà ki orí bọ fèrèsé ààfin yìí, kò lè kọjá, kò sì lè padà sẹ́yìn. Kí n tó ti láàbù dé, ó ti tán.

Ẹ lè ní, ṣé omi lè gbé ẹja ni? Ó lè gbé betta o. Ẹ̀yà ara kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní labyrinth, òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé nínú omi àbàtà àti oko ìrẹsì ní Táílándì, níbi tí ọ́síjìn kò ti pọ̀ nínú omi. Àmọ́ ó di dandan kó máa gòkè wá mí lóòrèkóòrè. Ohun tó bá dí i lọ́nà lè pa á.

Ṣé ká wá yọ gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò ni? Rárá o. Koríko àti ewé ló kún ibi tí betta ti wá. Tí akọ méjì bá jà, èyí tí wọ́n lù á sá wọ inú koríko. Nínú táǹkì tó ṣófo, kò ríbi sá sí, ó sì lè máa rí òjìji ara rẹ̀ nínú dígí, kó rò pé ọ̀tá ló dé. (Ẹ má kó akọ méjì pọ̀ ṣá. Kò sí ọ̀ṣọ́ tó lè parí ìjà wọn.)

Ohun tí mò ń wò báyìí nìyí:

Ihò. Kó tóbi tó kí ẹja kọjá tòun ti lẹbẹ rẹ̀, tàbí kó kéré débi pé orí rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ rárá. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni pańpẹ́. Tó bá ní ọ̀nà àbájáde méjì, ó dáa jù.

Ẹnu mímú. Lẹbẹ betta fẹ́lẹ́ gan-an. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ nu ọ̀ṣọ́ náà. Tó bá fa ìbọ̀sẹ̀ ya, á fa lẹbẹ ya.

Òkúta àti ìkarahun. Ẹ kán fínígà sórí òkúta. Tó bá ń hó, ẹ fi sílẹ̀. Ìkarahun ìgbín àti owó ẹyọ náà ń yòrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì yí omi padà sí èyí tí kò bá betta lára mu.

Èyí tí kò wọ́n. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọn kò kùn lọ́dà, tí ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ti di ilé. Ewé igi furúùtù ńkọ́, igi tí a máa ń ṣa èso rẹ̀ jẹ nílé ìwé? Àwọn tó ń sin betta ní Táílándì ń lò ó. Èyí tó ti gbẹ, tó jábọ́ fúnra rẹ̀, ni kí ẹ mú, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Omi á pọ́n bíi tíì, ẹ má bẹ̀rù.

Òkè omi. Ojú oró tó ń léfòó dáa púpọ̀, torí abẹ́ ewé bẹ́ẹ̀ ni akọ betta máa ń fi ìfófòó kọ́ ilé fún ẹyin. Ẹ má bù ú nínú gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kó bo ojú omi tán. Ẹja ṣì fẹ́ mí.

Betta mi kejì ti ní ìkòkò amọ̀ tirẹ̀. Kí ẹ tó sanwó ọ̀ṣọ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: tí ẹja bá wọ ibí, ibo ló máa gbà jáde lọ mí?