Píkọ́ọ̀pù Dísù Ni Àbí ti Bẹntiróòlù? Ẹ Bi Iṣẹ́ Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì

Láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń fi òwò kún iṣẹ́ oṣù, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu yín tí ẹ bá pè mí: "Ìwọ tó o dàgbà sí Amukòkò, tó o mọ àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, èwo ni kí n rà nínú píkọ́ọ̀pù dísù àti ti bẹntiróòlù?" Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbí.

Ìdáhùn mi kò gùn. Bí ọkọ̀ náà yóò bá máa gbé ẹrù wúwo lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ ra dísù. Bí kò bá ní kúrò láàrin Amukòkò, Orílé àti Àpápá, ẹ ra bẹntiróòlù, kódà bí gbogbo ayé bá ń sọ fún yín pé dísù ló lágbára. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ lóde òní kì í ṣe owó tí ènìyàn fi ń dánra wò. Owó àjọ ni, tàbí owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ bàbá ẹni ni wọ́n tà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé "gas" ni wọ́n ń pe bẹntiróòlù lọ́dọ̀ yín. Níbí, bí a bá ní gáàsì, èyí tí a fi ń dáná là ń sọ, tàbí èyí tí ìjọba ní ká máa fi wa ọkọ̀ báyìí. Màá dé orí ìyẹn níwájú.

Ohun tó ya ẹ́ńjìnnì méjèèjì sọ́tọ̀

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo, á fún wọn pọ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, púlọ́ọ̀gì á sì ṣáná sí i. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fà wọlé, á sì fún un pọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí méjìdínlógún, títí yóò fi gbóná ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà náà ni nọ́sù á fọ́n epo sí i, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló gbé ẹ̀rọ yìí jáde. Èyí àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa wáyé ní ìlú Augsburg ní 1897. Ní ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ náà.

Nǹkan mẹ́ta ló ti inú èyí jáde. Èkínní, nítorí pé ìfúnpọ̀ náà le, irin ara ẹ́ńjìnnì dísù gbọ́dọ̀ nípọn. Ìdí nìyẹn tó fi wúwo tó sì wọ́n. Èkejì, lítà dísù kan máa ń gbé ọkọ̀ jìnnà ju lítà bẹntiróòlù kan lọ. Ẹ̀kẹta, agbára ìfà rẹ̀ máa ń tètè dé. Ẹ wo Toyota Hilux. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lítà 2.7 ní agbára ìfà tó tó 240 lórí òṣùwọ̀n Nm, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ní láti máa yí tó nǹkan bí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kí agbára náà tó pé. Ti dísù lítà 3.0, èyí tó wà lóde ṣáájú ọdún 2015, ní 343, ó sì ti pé láti ìgbà 1,400. Bí ẹ bá di tọ́ọ̀nù iṣu kan sẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ ń gun òkè, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò máa rìn

Àmọ́, òkè wo ni ọkọ̀ ń gùn ní Amukòkò? Àdúgbò wa tẹ́ pẹrẹsẹ, òpópónà há, ilé fara ti ilé. Ọ̀nà tó yí wa ká ni àwọn tírélà àti táńkà ń gbà lọ sí èbúté Àpápá àti ti Tin Can. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń tò sórí afárá fún ọjọ́ gbọọrọ, kí àjọ tó ń rí sí èbúté tó gbé ètò ìpeni orí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní oṣù kejì 2021, tí wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Ètò gan-an. Síbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti Amukòkò lọ sí ọjà Boundary lè pẹ́ lọ́nà débi pé ẹlẹ́sẹ̀ á kọjá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ènìyàn méjì ní àdúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ. Àǹtí kan wà tó ń pín ẹlẹ́rìndòdò àti omi inú ọ̀rá fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀ ń jáde, ó ń dúró níbi tó tó ogún, ṣùgbọ́n gbogbo ìrìn rẹ̀ kì í ju 20 kìlómítà lọ. Bàbá kan tún wà tó ń kó iṣu láti Ṣakí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń lọ, ṣùgbọ́n àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 600 kìlómítà. Àwọn méjèèjì fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀, àwọn méjèèjì sì ni wọ́n sọ fún pé, "Dísù ni kí ẹ rà, kì í bàjẹ́."

Ìṣirò tí ẹ lè ṣe lórí ìwé

Iye owó ń yí padà, nítorí náà ẹ fi tiyín rọ́pò tèmi. Ká ní píkọ́ọ̀pù bẹntiróòlù tó ru ẹrù ń jẹ lítà 14 lórí 100 kìlómítà, kí ti dísù máa jẹ lítà 10. Ká ní ₦1,000 ni lítà epo méjèèjì. Ká sì ní ọkọ̀ dísù fi ₦3,000,000 wọ́n ju ìkejì rẹ̀ lọ. Lórí 100 kìlómítà kọ̀ọ̀kan, dísù ń dá ₦4,000 padà. Kí ₦3,000,000 tó padà wọlé, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ rin 75,000 kìlómítà.

Àǹtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń rin 20 kìlómítà lójúmọ́ fún ọjọ́ 300 lọ́dún yóò rin 6,000 kìlómítà. Ọdún méjìlá àbọ̀ ni yóò lò kó tó rí owó rẹ̀ gbà padà. Bàbá oníṣu tó ń rin 600 kìlómítà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50 yóò rin 30,000. Tirẹ̀ kò ju ọdún méjì àbọ̀ lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìṣirò yìí tún fi ohun kan hàn. Bí ọkọ̀ kan bá ń jẹ lítà 14 tí èkejì ń jẹ 10, tí owó lítà dísù bá ti ju ìlọ́po 1.4 owó lítà bẹntiróòlù lọ, èrè ti tán, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísù kò tó ₦300. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ti ju ₦800 lọ, nígbà tí ìjọba ṣì ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù, tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tó ₦200. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ ti dópin. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, bẹntiróòlù sún mọ́ ₦500 l'Ékòó. Ní oṣù kẹwàá 2024, ó sún mọ́ ₦1,000. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù ní oṣù kìíní 2024, já owó tiwọn wá sí ₦1,000 ní oṣù kẹrin ọdún náà. Nítorí náà, ẹ má fi owó epo oṣù yìí nìkan ra ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ lò fún ọdún mẹ́wàá.

Imí-ọjọ́ inú epo

Owó epo nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì dísù òde òní kò rí bí èyí tó jẹ òróró ẹ̀pà ní Paris. Nọ́sù rẹ̀ ní ihò tó kéré gan-an, pẹ́ǹpẹ́ ni omi tàbí ìdọ̀tí nílò kó tó bà á jẹ́, owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń ga. Láti 2007 ni wọ́n ti ń fi asẹ́ sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì píkọ́ọ̀pù dísù ńláńlá tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, irú Ford F-250, kó lè máa gba èéfín dúdú dúró. Asẹ́ náà máa ń kún, ó sì gbọ́dọ̀ jó ẹ̀gbin inú rẹ̀ dànù. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí sì gba pé kí ọkọ̀ sáré lójú títì fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn tó ń dúró láti Amukòkò dé Orílé kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Asẹ́ á dí, iná á tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ á sì pàdánù agbára rẹ̀.

Imí-ọjọ́ ló ń dá kún un. Ní Amẹ́ríkà, láti 2006, ìwọ̀n rẹ̀ nínú dísù ojú títì kò gbọdọ̀ ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní Yúróòpù, láti 2009, kò gbọdọ̀ ju 10. Ọdún 2020 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò sí 50: láti 2021 fún epo tí wọ́n ń kó wọlé, láti 2025 fún ti ilé ìfọpo tó ti wà nílẹ̀. Ní 2016, ẹgbẹ́ Public Eye ní Switzerland ti gbé ìwádìí jáde lórí dísù tí imí-ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń kó wá sí Áfíríkà. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo mímọ́ kì í pẹ́ lórí irú epo bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á gé asẹ́ náà sọnù. Ọkọ̀ á sáré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilé fara ti ilé ní àdúgbò wa. Ní 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka èéfín dísù mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ni yóò máa fa á símú.

Bẹntiróòlù náà ní tirẹ̀. Ní oṣù kejì 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ̀ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, ó sì ba ọkọ̀ púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń tún ìyẹn ṣe sábà máa ń rọrùn ju ti nọ́sù àti pọ́ǹpù dísù lọ.

Omi, mẹkáníìkì àti gáàsì

Lásìkò òjò, omi máa ń gba òpópónà wa. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí omi lè pa, nítorí náà ó lè kọjá níbi tí bẹntiróòlù ti kú. Ṣùgbọ́n bí omi bá dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Irin inú ẹ́ńjìnnì á tẹ̀, ti dísù sì lè burú jù nítorí ìfúnpọ̀ rẹ̀.

Ní ti mẹkáníìkì, ẹni tó mọ bẹntiróòlù pọ̀ káàkiri. Ẹni tó mọ dísù àtijọ́ náà wà, nítorí àwọn tírélà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè yẹ dísù òde òní wò dáadáa ṣọ̀wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wá onítọ̀hún rí kí ẹ tó rà, kí ẹ sì béèrè iye nọ́sù kan ní ọjà Ládípọ̀.

Gáàsì ńkọ́? Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń polówó pé kí wọ́n yí ọkọ̀ sí gáàsì. Ọkọ̀ bẹntiróòlù rọrùn láti yí, nítorí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lè ṣáná sí gáàsì náà. Dísù sábà máa ń nílò kí díẹ̀ nínú epo rẹ̀ ṣì máa wọlé kí gáàsì tó lè gbiná.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi ara yín

Kìlómítà mélòó ni ọkọ̀ náà yóò rìn lọ́dún? Ṣé ó máa ń rí ojú títì tó já gaara, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Ẹrù rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan nígbà gbogbo? Ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni yóò sì ti máa ra epo? Bí ìdáhùn yín bá fi ọ̀nà jíjìn hàn, dísù ni tiyín, kí ẹ sì wá èyí tí kò ní asẹ́ ẹlẹgẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bíi Hilux tí wọ́n ṣe fún ọjà Áfíríkà.

Bí ẹ bá lọ wo tòkunbọ̀, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má tíì tan án. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í purọ́. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú tí kò dáwọ́ dúró, epo ń wọlé jù tàbí afẹ́fẹ́ kò tó. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, omi rédíétọ̀ lè ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Àǹtí ẹlẹ́rìndòdò ra bẹntiróòlù, ó sì fi owó tó kù kó ọjà sí i. Bàbá oníṣu ra dísù. Èmi kò bá ìkankan nínú wọn jiyàn.