Etí Inú Òkun: Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Túnà fún Àwọn Ọkọ̀ Ńlá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yóò ti rí akájá: ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja gún mọ́lẹ̀ nínú omi tí kò jìn, kí ẹja lè wá sá pamọ́ sáàárín rẹ̀, kí ó sì rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Bí oṣù bá ti gorí oṣù, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a fa igi tu, wọn a sì kó ẹja. Apẹja kò lé ẹja kiri. Ó kọ́ ilé fún un, ó sì dúró dè é. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń pa túnà lórí agbami ń lò lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi etí sí ilé náà, etí tí ń ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Etí yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti ìdí tí kò fi yẹ kí àwa tí a ń gbé ẹ̀bá òkun kọ̀yìn sí i.

Túnà kì í gbé ojú kan, agbami sì tẹ́ rẹrẹ láìní àmì. Síbẹ̀ ó ní ìwà kan tí àwọn apẹja ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́: bí ìtì igi bá ti ẹnu odò jáde, tí ó ń léfòó lórí òkun, kò ní pẹ́ tí túnà yóò fi péjọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ kò wá dúró de odò mọ́. Wọ́n fi ọparun kan àtẹ, wọ́n so ògbólógbòó àwọ̀n mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n sì jù ú sójú ìṣàn omi kí ó máa gbé e lọ. Nígbà tí ẹja bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ a dé, a fi àwọ̀n gígùn yí i ká, a sì fa okùn ìsàlẹ̀ àwọ̀n náà pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fa ẹnu àpò. Bí a ó ti tún rí àtẹ tí a jù sómi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n so ẹ̀rọ rédíò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni GPS dé. Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí ni etí náà wá gbilẹ̀.

Ẹ̀rọ náà rí roboto bí igbá ńlá, ó ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ. Pátákó tí ń gba agbára oòrùn wà lórí rẹ̀, bátìrì àti GPS wà nínú rẹ̀, ohun tí ń ké tí ó sì ń gbọ́ sì wà ní ìdí rẹ̀. A ké igbe kúkurú kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, a sì dákẹ́ láti gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀. Nínú omi òkun, ohùn ń rin nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 340 péré ni. Àkókò tí gbohùngbohùn fi padà ni ó ń sọ bí ẹja ti jìn sísàlẹ̀ tó, títí dé ibi tí ó lé ní 100 mítà. Agbára tí ó fi padà ni ó ń sọ bí wọ́n ti pọ̀ tó. Sátẹ́láìtì a gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀gá ọkọ̀: ibi báyìí ni mo wà, iye tọ́ọ̀nù báyìí ni ó wà lábẹ́ mi. Láyé àtijọ́, ẹnìkan a gun òpó ọkọ̀, a máa wá ẹyẹ tí ń fò yí agbo ẹja ká. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọkọ̀ túnà ti fi etí kún un.

Ṣùgbọ́n etí yìí kì í fi gbogbo ìgbà mọ ẹni tí ń dáhùn. Ẹ̀yà túnà mẹ́ta ni ó sábà máa ń péjọ sábẹ́ àtẹ. Skipjack, tí ìlà wà ní ikùn rẹ̀, ni ọkọ̀ ń wá. Òun ni ó pọ̀ jù nínú túnà inú agolo, ó sì tètè ń dàgbà. Àwọn ọmọ yellowfin àti ti bigeye tí kò tí ì yé ẹyin rí ni wọ́n ń bá a gbé. Àwọn méjì wọ̀nyí ní àpò afẹ́fẹ́ kan nínú ikùn. Skipjack kò ní. Àpò afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni ó ń dá ohùn padà jù, nítorí náà ìwọ̀nba ọmọ bigeye lè dún ju ọ̀pọ̀ skipjack lọ, ẹ̀rọ tí ń fi ohùn kan ṣoṣo ké kò sì lè fìyàtọ̀ sí wọn. Wọ́n ti ṣe èyí tí ń fi ohùn méjì ké, ọ̀kan ròkè, ọ̀kan rodò, nítorí pé skipjack ń dá ohùn òkè padà dáradára ju ti ìsàlẹ̀ lọ. (Àwa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu wa kò ní ka èyí sí àjèjì.) Lójú tèmi, irú èyí nìkan ni ó yẹ kí òfin gbà láàyè, nítorí pé ọmọ ẹja tí àwọ̀n bá ti kó kò ṣeé dá padà láàyè.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa. Abidjan àti Tema ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ túnà apá ìhín Àtìláńtíìkì ti ń já ẹja sílẹ̀, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ICCAT, àjọ tí ń ṣòfin lórí túnà òkun yìí. Ní 2019 àjọ náà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ kan má ṣe ní ju àtẹ 350 tí ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà kan náà ní 2020, kí ó sì di 300 ní 2021. 500 ni wọ́n fi àyè gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún fi òfin de pípa ẹja lábẹ́ àtẹ fún oṣù méjì ní 2020, àti oṣù mẹ́ta ní 2021.

Ta ni ó ni ohun tí etí náà gbọ́? Ọlọ́kọ̀ ni. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ti lo ìró wọ̀nyí láti fi ṣírò yellowfin Àtìláńtíìkì ní 2019, ìrànlọ́wọ́ ńlá sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ẹja ti wọ agolo ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Pàsífíìkì, tí Nauru àti Kiribati wà lára wọn, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí àtẹ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tí ń pẹja nínú omi wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan gbà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ gé apá kan nínú ìròyìn náà kúrò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Òfin náà tún ní ihò kan. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń kà. Bí ìṣàn omi bá gbé àtẹ kúrò níbi tí ọkọ̀ ń pẹja, ilé-iṣẹ́ a pa ohùn rẹ̀ mọ́ láti ọ̀nà jíjìn, a sì tún lè ju òmíràn sómi dípò rẹ̀. Àtẹ tí ó yadi náà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọ̀n tí ó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní erékùṣù Seychelles, wọ́n ń bá wọn lórí òkúta iyùn àti ní etíkun, àwọ̀n ti lọ́ mọ́ iyùn, àmì ilé-iṣẹ́ sì ṣì wà lára ẹ̀rọ náà.