Gáàsì Kọ́ Ló Ń Tán: Ohun Tó Ń Da Ẹ̀rọ Amúlétutù Láàmú ní Houston

Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, ooru ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas kì í dá wá. Ọ̀rinrin òkun tí kò jìnnà sí ìlú náà máa ń bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ ló dàgbà sí ilé tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀ lára ògiri, ìyẹn bí owó bá wà. Ti Houston yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan ló ń mú gbogbo ilé tutù: apá kan wà níta, apá kejì sábà máa ń wà lókè àjà, páìpù ńláńlá sì ń gbé afẹ́fẹ́ tútù lọ sí gbogbo yàrá. Ihò gbàgàdà kan lára ògiri tàbí àjà ló ń fa afẹ́fẹ́ ilé padà sínú ẹ̀rọ.

Bí ilé kò bá tutù mọ́, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wa ni pé gáàsì ti tán. Ẹ̀rọ kì í jẹ gáàsì. Inú páìpù tí a dí pa ni gáàsì ti ń yí po, tó ń gba ooru inú ilé mọ́ra, tó sì ń lọ tú u dànù síta. Bó bá dín, ibì kan ló ń jò. Ẹni tó bá rọ òmíràn sí i láì wá ojú ibẹ̀, inú ajere ló ń bu omi sí.

Fílítà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wò. Asẹ́ tó wà lẹ́nu ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ ilé padà ni, eruku àti irun ajá ló sì máa ń dí i. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà kọjá, kóìlì òkè àjà, ìyẹn páìpù wíwé tí gáàsì ń gbà kọjá, á tutù kọjá ààlà, omi ara rẹ̀ á di yìnyín, yìnyín náà á sì tún dí ìwọ̀nba ọ̀nà tó kù. Ẹ̀rọ ń dún, owó iná ń gòkè, ilé ń gbóná. Ẹ pa ìtutù, ẹ fi fáànù nìkan sílẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé pípààrọ̀ èyí tó ti dí lè dín iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kù ní ìdá 5 sí 15 nínú 100. Àwọn kan á lọ ra fílítà tí ojú rẹ̀ kéré gan-an, tí wọ́n kọ MERV 13 sí lára. Ó ń mú eruku dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ lè má lágbára láti fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀.

Omi ni ọ̀tá kejì, lójú tèmi òun ló burú jù ní Houston. Nígbà tí ẹnjiníà Willis Carrier ṣe ètò ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn lọ́dún 1902, ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ ni wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí. Títí dòní, ẹ̀rọ náà ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, omi yìí á kán sínú àwo, á sì gba páìpù kan jáde. Ìdọ̀tí tó ń yọ̀ máa ń hù nínú páìpù náà. Bó bá dí, omi á kún àwo, á rin àjà, àjà sì lè já lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ṣíwíìṣì kékeré tó ń pa á bí omi bá ga jù. Onílé á rò pé ẹ̀rọ ti kú. Ife fíníga kan tí ẹ bá ń dà sẹ́nu páìpù náà lóṣooṣù nígbà ooru kì í jẹ́ kó dí.

Ìtọ́jú apá ìta kò le: ẹ gé koríko kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ fi omi ẹ̀rọ lásán fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣí àpótí iná rẹ̀. Capacitor inú rẹ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́, ṣì lè gbé ènìyàn kódà lẹ́yìn tí a ti pa iná.

Gáàsì náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ni òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè láti fọwọ́ kàn án. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọn kò ti ṣe R-22 tuntun, ìyẹn gáàsì inú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, mọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì kó o wọlé, torí pé ó ń ba ìpele ozone jẹ́. Láti ọdún 2025, gáàsì R-32 àti R-454B ló ń gba ipò gáàsì R-410A nínú àwọn ẹ̀rọ ilé tuntun, wọn kò sì ṣeé rọ sínú ẹ̀rọ àtijọ́. Bí oníṣẹ́ bá ní gáàsì ló dín, ẹ ní kó fi ibi tó ń jò hàn yín. Bó bá jẹ́ kóìlì ẹ̀rọ R-22 ló ti lu, ẹ gba iye owó àtúnṣe àti ti ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, kó tó tú ohunkóhun.