Eré Sísá Nígbà Òtútù: Ìta Ni Àbí Orí Ẹ̀rọ?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìlámù tí ẹ wà ní London, bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago 8 àárọ̀, kò sì ní tí ì tó aago 4 ìrọ̀lẹ́ tí yóò fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ wa a wá pa eré sísá tì. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò mọ ìgbà òtútù. Ànábì wa (SAW) pàápàá bá ìyá wa Áíṣà sáré ìje lẹ́ẹ̀mejì.

Òtútù nìkan kò ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le má jáde. Ara tó ń sáré a máa mú ooru wá, nítorí náà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sàn ju ẹ̀wù òtútù ńlá kan lọ. Kí aṣọ òwú má ṣe kan ara o: bí òógùn bá ti rin ín, òtútù ló kù.

Ti alásímà àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ a máa mú kí ọ̀nà èémí fún, òtútù a sì máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi ru sí i. Kí irú wọn bi dókítà léèrè, kí wọ́n sì lo ẹ̀rọ ìsáré inú ilé. Òun náà kì í ṣe eré ọ̀lẹ. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọni níbẹ̀, ẹni tó bá ń yára sá lè gbé e ga ní ìdá 1 nínú 100.

Àwa fẹ́ràn ìta, lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, pẹ̀lú aṣọ tí iná mọ́tò lè tètè hàn lára rẹ̀. Àmọ́ bí yìnyín bá ti dì sójú ọ̀nà, inú ilé náà ni ká wà.