Eré Ọmọdé àti Ìkọ́ni ní Èdè Àjòjì: Èdè Ítálì fún Ọmọ Yorùbá ní Agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìkọ́ni ní èdè àjòjì mu gan-an. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣe àlàyé bí eré tí ọmọdé ti mọ̀ nílé ṣe lè di ọ̀nà láti kọ́ ọ ní èdè tí kò gbọ́ rí. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 8 tí ń sọ Yorùbá ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Èdè Ítálì sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀.

Èdè Ítálì kò sí nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Èdè Faransé ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1998 yàn ní èdè òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìdí méjì ni Ítálì fi yẹ ní àpẹẹrẹ. Èkíní, ọmọ Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ kì í sábà gbọ́ ọ nílé tàbí ní ìgboro, nítorí náà ẹnu olùkọ́ nìkan ni yóò ti gbọ́ ọ. Èkejì, ìró èdè náà súnmọ́ Yorùbá níbì kan, ó sì jìnnà sí i níbòmíràn. Kókó tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe adùn eré ni ó ń kọ́ni ní èdè. Eré ń kọ́ni nígbà tí kò bá lè tẹ̀síwájú láìjẹ́ pé ọmọ sọ ọ̀rọ̀ èdè náà.

2.0 Iṣẹ́ àwọn aṣáájú

Ní ọdún 1907 ni Maria Montessori dá Ilé Àwọn Ọmọdé sílẹ̀ ní Róòmù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara wọn kan ohun tí wọ́n ń kọ́. Ní Amẹ́ríkà, James Asher gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960: olùkọ́ a pàṣẹ ní èdè tuntun, akẹ́kọ̀ọ́ a sì fi ara dáhùn kí ó tó fi ẹnu dáhùn.

Nílé níbí, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èyí fi hàn pé èdè àbínibí kì í ṣe ìdènà fún èdè kejì.

3.0 Àfiwé ìró

3.1 Ibi tí èdè méjèèjì ti jọra

Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méje yìí náà ni ojúlówó èdè Ítálì ní nínú sílébù tí a fi agbára pè. Iṣẹ́ ẹja pípa ni pésca. Èso kan ni pèsca. Àgbá ọtí ni bótte. Lílù ni bòtte. Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘gbé’ àti ‘gbẹ́’, tí kì í pe ‘kó’ ní ‘kọ́’, ti ní ìyàtọ̀ yìí létí. Àkọtọ́ Ítálì kì í sábà fi í hàn. Olùkọ́ lè fi àmì ìsàlẹ̀ ti Yorùbá sí i lójú pátákó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì yọ ọ́ kúrò bí ó bá yá.

3.2 Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Ìṣòro mẹ́rin ni ó hàn gbangba. Yorùbá kò ní ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọmọ pe strada ní ‘sitirada’, bí a ti sọ bread di búrẹ́dì. Kò ní kọ́ńsónáǹtì tí a ń fà gùn, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́bìrì ni pala, bọ́ọ̀lù sì ni palla. Ìró p àti v ti Ítálì kò sí nínú rẹ̀. Yorùbá kì í sì í pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ àti abo, bí il àti la ṣe ń pín in.

4.0 Eré mẹ́ta àti ohun tí wọ́n lè ṣe

4.1 Ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo ni olùkọ́ yóò fi kún un: bí ọmọ bá ti ń jù ú sínú ihò ni yóò máa ka uno, due, tre, quattro. Ẹni tí ó bá ṣì í kà pàdánù ìgbà tirẹ̀. Àwọn òǹwòran ni adájọ́, èyí sì wúlò ní kíláàsì tí èrò pọ̀ sí, nítorí etí wọn kò gbọdọ̀ sùn.

4.2 Tẹ́ńtẹ́ń. Àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ni eré yìí fi ń rìn. Bí a bá pe pala, àtẹ́wọ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn. Bí a bá pe palla, ọwọ́ dúró díẹ̀ láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni nono, ìkẹsàn-án, àti nonno, bàbá àgbà. Ara ọmọ á ti mọ gígùn kọ́ńsónáǹtì kí ahọ́n rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

4.3 Ọjà ẹja. Ìlú ẹja ni Ẹ̀pẹ́, ọmọ ibẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń ná ẹja. Kí agbọ̀n méjì wà lórí àtẹ, ọ̀kan fún il, èkejì fún la. Àwòrán il pesce, ẹja, àti il remo, àjẹ̀, wà nínú ti àkọ́kọ́. La rete, àwọ̀n, àti la barca, ọkọ̀ ojú omi, wà nínú èkejì. Oníbàárà béèrè pé, “Quanto costa?”, ó sì dárúkọ ohun tí ó fẹ́. Bí ó bá pe il mọ́ rete, òǹtajà kò ní tà fún un. Ní Ìkòròdú, ẹrù ọjà àdúgbò lè dípò ẹja.

5.0 Ìkìlọ̀

Orin tí ọmọ há sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ èdè. Ọ̀nà tí olùkọ́ lè fi dán eré wò kò le: kí ó yọ èdè Ítálì kúrò nínú rẹ̀. Bí eré náà bá ṣì ń lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni èdè náà jẹ́. Eré kò sì lè tún ìpè olùkọ́ ṣe. Bí olùkọ́ bá pe strada ní ‘sitirada’, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò pè é.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fẹ́ kí a fi èdè àbínibí kọ́ ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìlànà Èdè ti ọdún 2022 nà án dé ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ fagi lé e ní ọdún 2025. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 ní tirẹ̀ pàṣẹ pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Àfiwé òkè yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju ti àṣà nìkan lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ka Yorùbá léèwọ̀ fún ọmọdé ti gba fáwẹ̀lì méje àti eré tí ìbá fi kọ́ èdè àjòjì lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ ọmọdé, pàápàá ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2022, tí ó sì ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́: kí wọ́n kó eré agbègbè náà jọ, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n òkè yìí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ kíláàsì.