Kí Ẹ Tó Gbé Ṣájà Mọ́tò Oníná Wọlé

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn kan nínú yín ti ń bi wá nípa mọ́tò oníná. Wọn a ní, “Ṣé mi ò kúkú lè kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi ni?” Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu wa ná.

Kẹ́tù ń fa iná púpọ̀, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ omi ti hó. Mọ́tò lè fa irú iná bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wáyà tí kò nípọn tó, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ má fi ẹ̀kísténṣọ̀n ṣe é láéláé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà kò lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, ní amp 10, ń fún mọ́tò ní yúníìtì 2 lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ṣájà ara ògiri, ti amp 32, ń fún un ní bíi 7. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rin kìlómítà 40 lóòjọ́, àlọ àti àbọ̀, kì í sábà lo ju bíi yúníìtì 7 lọ. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára ti tó o. Ìrìn yín ni kí ẹ fi wọn ṣájà, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fi iná àwọn tó wà ní Band A sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Ní iye yẹn, yúníìtì 7 jẹ́ náírà 1,575. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ti orí rìsíìtì yín ni kí ẹ fi ṣírò.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe nìyí:

1. Kí oníṣẹ́ iná fa wáyà ọ̀tọ̀ fún mọ́tò láti ibi mítà. Fún amp 32, kó má dín ní 6 mm. Bí ọ̀nà bá jìn, kó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Kí wáyà náà ní bréékà tirẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń já bí iná bá ń jò.

3. Kí wọ́n rí irin earthing mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ṣájà kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá sí i. Bí oníṣẹ́ bá ní òun á dọ́gbọ́n sí i, ẹ má gbà fún un.

4. Kí ẹ ra ohun tó ń dáàbò bo ilé nígbà tí iná NEPA, bí a ṣì ti ń pè é, bá dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé, ẹ gba àṣẹ onílé sínú ìwé kí ẹ tó lu ògiri.

Paríparí rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ yá owó mọ́tò, ẹ ka owó wáyà àti earthing mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbèsè mọ́tò ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Ilé tó bá jóná pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀ ńkọ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.