Èjìká ni owó òwò ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn

Interchange Ṣágámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà ni ọjà ti ń gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìjàǹbá ọkọ̀. Àwọn kan ń kú, àwọn mìíràn ń bọ́ pẹ̀lú ọgbẹ́ díẹ̀. Àwọn kan sì wà láàárín méjèèjì: egungun ẹ̀yìn wọn ṣẹ́, iṣan ńlá tó gba inú egungun náà kọjá fara gbọgbẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì gbọ́ràn mọ́. Kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń fà á o. Ọ̀kadà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tàbí láti orí ilé tó ń kọ́.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ṣì ní láti jẹun nígbà tó bá dé láti ọsibítù. Ìdí nìyẹn tí irú wọn fi ń kọ́ iṣẹ́ àjókòóṣe, bíi télọ̀, títún bàtà tàbí fóònù ṣe, POS, tàbí kí wọ́n máa ta ọjà kéékèèké lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tí kò rìn mọ́ ni gbogbo èèyàn ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tó lè ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lẹ́yìn ọdún mélòó kan kì í ṣe ẹsẹ̀, èjìká ni.

Èjìká kì í ṣe oríkèé tí wọ́n dá láti máa gbé ara. Oríkèé ìbàdí jìn, orí egungun itan wọ inú rẹ̀ bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Ti èjìká kò jìn rárá. Bíi bọ́ọ̀lù tó jókòó sórí àwo pẹlẹbẹ ló rí, àwọn iṣan tó yí i ká ló dì í mú. Òun ló jẹ́ kí ọwọ́ lè dé òkè, dé ẹ̀yìn. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wá sọ ọwọ́ yìí di ẹsẹ̀, kò sì ní ọwọ́ mìíràn tí yóò fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ká ní bí ọwọ́ bá taari táyà lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ ń sún síwájú ní mítà kan. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì kìlómítà ti taari ní ìgbà 1,000 ní àlọ àti àbọ̀, kó tó kan ti inú ọjà àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀ jẹ́ 6,000. Lórí yanrìn tàbí ẹrẹ̀ òjò, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni ti gbígbé ara láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, tó jẹ́ pé apá méjèèjì ló ń ru gbogbo ara. Abájọ tí àwọn ìwádìí lágbàáyé fi ń sọ pé láàárín 30 sí 70 nínú 100 àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara gbọgbẹ́ ni èjìká ń dùn.

Bí èjìká bá ń dun ẹni tó ní ẹsẹ̀, á fi aṣọ so ọwọ́ náà kọ́rùn, á sì máa rìn kiri títí tí yóò fi san. Bí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ bá so ọwọ́ kan kọ́, ṣe ni kẹ̀kẹ́ náà yóò máa yí po lójú kan. Kò lè dá gun ibùsùn, kò lè dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ oṣù lọjà yóò fi wà nínú àpò. Róòbù lè mú ìrora náà rọlẹ̀ lálẹ́, àmọ́ ìgbà 1,000 náà ṣì ń dúró dè é láàárọ̀.

Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Paralyzed Veterans of America, ti àwọn ológun Amẹ́ríkà tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara gbọgbẹ́, gbé ìwé ìlànà kan jáde lórí bí a ṣe lè dáàbò bo apá. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni káfíńtà àti wẹ́dà Ṣágámù lè ṣe láìná owó ńlá.

Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Kí ó fúyẹ́ bó bá ti lè fúyẹ́ tó. Bí ẹni náà bá jókòó tó gbé ọwọ́ lé orí táyà lókè pátápátá, ìgúnpá rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí ó kàn ṣí díẹ̀ ju igun ilé lọ. Bó bá nà tán, ìjókòó ti ga jù. Bí táyà ẹ̀yìn bá bọ́ síwájú díẹ̀, ẹrù èjìká ń dín kù, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ lè dojú dé sẹ́yìn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí wẹ́dà máa sún un, kí ẹnìkan sì dúró lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Kí títaari náà gùn, kó sì rọra, kí ọwọ́ máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dípò kí ó máa já pìì pìì lórí irin.

Inú ṣọ́ọ̀bù ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ń sọnù sí jù. Ọjà tó ń yá kò gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ tó ga ju èjìká lọ. Àárín ìbàdí sí àyà ni kí ó wà, kí ọmọ iṣẹ́ máa mú ti òkè. Ẹni tó ń ṣa obì ní Sábó lórí kẹ̀kẹ́ nílò tábìlì tí orúnkún lè wọ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe agbọ̀n tó wà nílẹ̀. Ibùsùn àti bẹ́ǹṣì tó bá fẹ́ bọ́ sí gbọ́dọ̀ ga bákan náà pẹ̀lú ìjókòó kẹ̀kẹ́, kí káfíńtà sì fá pákó kan tó ń dán tí yóò fi máa yọ̀ kọjá láti ọ̀kan sí èkejì.

Pákó orí gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbé e lé ibẹ̀ bí àkàbà, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ọ̀nà fún aláàbọ̀ ara. Ìwọ̀n tí ayé ń lò ni ẹsẹ̀ bàtà 12 fún gíga ẹsẹ̀ bàtà 1. Àtẹ̀gùn tó ga ní ínṣì 6 nílò pákó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ní ẹsẹ̀ náà, nítorí oníbàárà tó ń lo kẹ̀kẹ́ ní owó lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024.

Ohun kan tún wà. Wọ́n máa ń kọ́ ẹni tó jókòó pẹ́ láti máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí sókè, kí egbò má bàa yọ níbẹ̀. Ó dára fún ìdí, kò dára fún èjìká. Kí ó tẹ̀ síwájú, tàbí kí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 sàn jù, ó sì lè ṣe é bó ṣe ń dá oníbàárà lóhùn.

Èjìká tó ń dunni lóru, ìka tó ń kú tàbí tó ń ṣe bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un, apá tí kò lè gbé ife omi dé ẹnu mọ́: èyíkéyìí nínú wọn tó láti lọ rí àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. OOUTH tó wà ní Ṣágámù láti ọdún 1986 kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, Igbóbì sì wà l'Ékòó. Kí ẹni náà gbé kẹ̀kẹ́ tó ń lò gan-an dání lọ, kí ó sì wọn gíga kántà, ibùsùn àti àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí ìwé kó tó kúrò nílé.